Ìtàn Íntánẹ́ẹ̀tì ní Ṣómólú àti Bàrígà: Ta Ni Ó Ń Ṣọ́ Ẹnu Ọ̀nà?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé ka iwájú yín nínú ètò ti òní jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtàn, ṣùgbọ́n ìtàn tí ó kan àpò àti orúkọ olúkúlùkù ni. A fẹ́ sọ bí ìwé títẹ̀, kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣómólú àti Bàrígà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kí a sì ti ibẹ̀ wo ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà nínú ilé rẹ̀ máa ṣe. Àwọn kan lè béèrè pé kí ni ó kan ìtàn nínú lílo ẹ̀rọ. Èsì wa ni pé ẹni tí kò bá mọ ẹni tí ó ti ń bá a ṣọ́ ẹnu ọ̀nà láti ọjọ́ yìí wá, kò ní mọ iṣẹ́ tí ó bọ́ sí òun lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀ṣọ́ náà bá lọ.

Orí ohun kan ṣoṣo ni gbogbo àlàyé wa dá lé. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ tí ń gbé ọ̀rọ̀ kiri bá sún mọ́ mẹ̀kúnnù, ẹnìkan tí ó máa ń dúró ní àárín ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ àti ẹni tí ó kà á a máa kúrò níbẹ̀. Ẹni tí ń to lẹ́tà kúrò, ẹni tí ń yẹ ìwé wò kúrò, ọmọ tí ń ṣọ́ ilé káfè náà kúrò. Iṣẹ́ wọn kò bá wọn lọ. Ó kù sí ọwọ́ onílé.

Ìlú àwọn atẹ̀wé

Ẹni tí ó bá mọ Èkó dáadáa mọ̀ pé bí a bá dárúkọ Ṣómólú, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni ó máa ń tẹ̀lé e. Ní Bajulaiye, ní Shipeolu àti ní àwọn òpópónà kéékèèké tí ó wọ inú ara wọn, ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kò lóǹkà. Ẹni tí ń gé bébà, ẹni tí ń po tàdáwà, ẹni tí ń rán ìwé, ẹni tí ń lẹ ẹ̀yìn rẹ̀, olúkúlùkù ní àyè tirẹ̀, wọn a sì máa gbé iṣẹ́ fún ara wọn láti ojúlé dé ojúlé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará Èkó ti ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ilé-ẹ̀kọ́ àti àwòrán àwọn tí ń du ipò ní àsìkò ìbò.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé kì í ṣe ohun àná ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend, ajíyìnrere ìjọ CMS, bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta, èyí tí í ṣe ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ní ọdún kan náà ni a dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó. Bàrígà ni ilé-ẹ̀kọ́ náà wà lónìí. University of Lagos, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, wà ní Akọka ní ìtòsí rẹ̀. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé ní apá kan, a ní àwọn tí ń tẹ ìwé; ní apá kejì, a ní àwọn tí ń kà á. Títí di ọdún 2003, tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fún Bàrígà ní ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè tirẹ̀, abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo ni àdúgbò méjèèjì wà.

Nígbà tí ó jẹ́ pé lẹ́tà òjé ni a fi ń tẹ̀wé, ẹnìkan ní láti ṣa lẹ́tà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti inú àpótí, kí ó tò wọ́n ní ìdàkejì, kí wọ́n lè tọ́ nígbà tí bébà bá gbà wọ́n. Lẹ́yìn èyí ni yóò tẹ ẹ̀dà kan ṣoṣo fún àyẹ̀wò. Ẹni tí ó gbé iṣẹ́ wá yóò kà á, yóò fi kálámù tọ́ka sí àṣìṣe, yóò sì buwọ́ lù ú. Bí àṣìṣe kan bá yọ́ kọjá, ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà ni yóò bàjẹ́, owó bébà yóò sì di gbèsè sí ẹnìkan lọ́rùn. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kì í dé ojú títì kí ó má ti kọjá lábẹ́ ojú ẹni méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ẹ wo orúkọ òpópónà Bajulaiye pàápàá. “Aiye” ni ó wà nínú rẹ̀, bí àwọn baba wa ti ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà àtúnṣe àkọtọ́ ti 1974, “ayé” ni a ń kọ. Orúkọ Ṣómólú náà ní ìrísí mẹ́ta: àwọn kan ń kọ Shomolu, àwọn mìíràn ń kọ Somolu, àwa tí a sì ń fi àmì sí èdè wa ń kọ Ṣómólú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìrísí mẹ́ta yìí sí ọkàn, nítorí a óò padà dé orí rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà dé ṣọ́ọ̀bù

Ní ọdún 1963 ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ wọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, láti fi ṣe ìṣirò ètò ìkànìyàn. Ẹ̀rọ ńlá ni irú rẹ̀ ní ayé ìgbà náà, ìjọba, yunifásítì àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá nìkan ni agbára wọn ká a. Ohun tí ó sọ ọ́ di ohun tí ẹnìkan lè gbé ka orí tábìlì ni kọ̀ǹpútà kékeré. IBM gbé tirẹ̀ jáde ní 1981, Apple sì gbé Macintosh jáde ní 1984. Ní 1985, ètò tí a ń pè ní PageMaker mú kí ènìyàn kan lè to odindi ojú ìwé lórí kọ̀ǹpútà. Ní 1989 ni CorelDRAW tẹ̀lé e, èyí tí ó di irinṣẹ́ àtàtà ní ọwọ́ àwọn tí ń ya iṣẹ́ ní Ṣómólú.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹni tí ń ṣa lẹ́tà òjé kò níṣẹ́ mọ́. Ẹni kan ṣoṣo ni ó ń tẹ ọ̀rọ̀, tí ó ń ya àwòrán, tí ó sì ń to ojú ìwé. Iṣẹ́ yá, owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè wa jìyà díẹ̀. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò mọ ẹ, ọ àti ṣ, kò sì mọ àmì ohùn. Olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọgbọ́n tirẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá gbé ìwé tí a tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan lọ sí òmíràn, àmì àjèjì ni yóò kún ojú rẹ̀. Ìlànà Unicode, tí ìtẹ̀jáde rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, ni ó wá fún lẹ́tà èdè gbogbo ní nọ́ńbà tí gbogbo kọ̀ǹpútà lè mọ̀. Ìlànà yìí ni ó jẹ́ kí ọmọ Bàrígà lè kọ “Ṣómólú” lónìí kí ẹni tí ó wà ní London sì kà á láìsí ìyípadà.

Okùn tí ó gba abẹ́ òkun

Bí a bá gbọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé inú afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Okùn ni. Ní 1886 ni okùn tẹligíráàfù so Èkó mọ́ London, tí ọ̀rọ̀ ọjà àti ti ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́ òkun kọjá. Ohun tí ó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá bá wa lónìí jẹ́ ọmọ-ọmọ okùn náà, àfi pé ìmọ́lẹ̀ ni ó ń sáré nínú tirẹ̀.

Àgbáyé ti bẹ̀rẹ̀ kí àwa tó bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 1969 ni kọ̀ǹpútà méjì kọ́kọ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ ètò tí a ń pè ní ARPANET. Ní 1989 ni Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣiṣẹ́ ní CERN ní Switzerland, gbèrò ìtàkùn àgbáyé, ìyẹn ọ̀nà tí ojú ìwé kan fi lè gbé òǹkàwé lọ sí òmíràn. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin 1993 ni CERN yọ̀ǹda rẹ̀ fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní tiwa, NITEL, tí a dá sílẹ̀ ní 1985, ni ó ni tẹlifóònù, ẹni tí ó bá sì ní ọ̀kan nínú ilé ní ìgbà náà, ọlọ́lá ni. Ní 1995, a fún Nàìjíríà ní orúkọ ìdílé tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí í ṣe “.ng”. Yaba College of Technology, tí kò jìnnà sí Ṣómólú rárá, ni ó kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀. Láti 1996 ni Àjọ NCC bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ní àṣẹ láti ta íntánẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, nígbà tí fóònù alágbèéká GSM dé ní oṣù Kẹjọ 2001, nǹkan bí 400,000 ìlà tẹlifóònù péré ni ó ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tí ènìyàn inú rẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ.

Okùn abẹ́ òkun tí a ń pè ní SAT-3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002. Glo-1 àti MainOne bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2010, owó íntánẹ́ẹ̀tì sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. A tún rí i bí ayé wa ti gbára lé okùn wọ̀nyí tó ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, nígbà tí mẹ́rin nínú wọn, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní ìtòsí Côte d'Ivoire. Ní ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ báńkì kò lè dá oníbàárà lóhùn.

Ilé káfè

Láàárín ìgbà NITEL àti ìgbà tí kọ̀ǹpútà wọ inú ilé, ilé káfè ni ó jẹ́ afárá. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà ní nǹkan bí 2000 sí 2008 yóò rántí rẹ̀: yàrá kan, kọ̀ǹpútà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, jẹnẹrétọ̀ tí ń kùn ní ẹ̀yìnkùlé, àti tíkẹ́ẹ̀tì pélébé tí a kọ nọ́ńbà sí, tí wákàtí ń jẹ tán lórí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ Akọka wá síbẹ̀ láti wá ilé-ẹ̀kọ́ ní òkè òkun. Ìyá arúgbó wá síbẹ̀ kí a lè bá a ka í-méèlì ọmọ rẹ̀. Àwọn mìíràn a sanwó fún òru ọjọ́ nítorí pé ó dínwó.

Ní ilé káfè, ọmọ tí ń ṣọ́ ibẹ̀ ni olùkọ́ gbogbo ènìyàn. Òun ni ó ń sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fèsì í-méèlì yẹn, olè ni wọ́n.” Òun ni ó ń pa fáírọ́ọ̀sì, òun ni ó ń bá ìyá àgbà jáde kúrò nínú í-méèlì kí ẹlòmíràn má baà jókòó síbẹ̀. Àgbà kì í wà ní ọjà kí orí ọmọ titun wọ́. Ní ti ilé káfè, ọmọdé ni ó ń gbé orí àgbà ró.

Ṣùgbọ́n a kò ní pa irọ́ fún ìtàn. Ilé káfè kan náà ni àwọn oníjìbìtì sọ di oko. Orúkọ tí a ń pe jìbìtì wọn, 419, ti wà ṣáájú íntánẹ́ẹ̀tì. Láti inú òfin ìwà ọ̀daràn wa, ní abala 419, ni a ti mú un. Ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ni pé ó sọ lẹ́tà kan di ẹgbẹ̀rún lẹ́tà láàárín ìṣẹ́jú kan. A dá EFCC sílẹ̀ ní 2003 láti dojú kọ irú ìwà yìí, òfin tí ó dá lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì sì jáde ní 2015. Ṣùgbọ́n òfin máa ń dé lẹ́yìn tí olè ti lọ ni. Ẹni tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà ni ó lè dá olè dúró.

Ẹ̀rọ wọ inú ilé

Lónìí, fóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká ti mú káfè wọ yàrá. JAMB bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ní 2013, láti 2015 sì ni ó ti fi bébà sílẹ̀ pátápátá. Láti 2014 ni báńkì ti so oníbàárà pọ̀ mọ́ nọ́ńbà BVN. Ìwé ìgbaniwọlé ọmọ, owó oṣù bàbá, ọjà tí ìyá ń tà, ojú fèrèsé kan náà ni wọ́n ń gbà wọlé. Ọmọ káfè kò sí níbẹ̀ mọ́ láti pariwo. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a gbé iṣẹ́ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ àtijọ́ ń ṣe lé ara wa lọ́wọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ kìíní ni ti ẹni tí ń yẹ ìwé wò. Kí ẹ tó gba ojú òpó kan gbọ́, ẹ béèrè ìdílé rẹ̀. Àdírẹ́ẹ̀sì íntánẹ́ẹ̀tì dà bí orúkọ Yorùbá: bí a bá fẹ́ mọ ẹni tí ènìyàn jẹ́, ọmọ ta ni a máa ń béèrè. “jamb.gov.ng” túmọ̀ sí pé jamb jẹ́ ọmọ gov, gov sì jẹ́ ọmọ ng, ìyẹn agbo ilé ìjọba Nàìjíríà. Ẹnikẹ́ni kò lè ṣàdéédéé wọ agbo ilé náà. Ṣùgbọ́n oníjìbìtì lè fi “jamb” sí iwájú orúkọ mìíràn, kí ó jẹ́ pé ìparí rẹ̀ ni yóò tú u fó. Ìparí tí a ń wí ni èyí tí ó wà ṣáájú ìlà dídagun àkọ́kọ́ lẹ́yìn orúkọ. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kíkà, kí ẹ máa bọ̀ wá sí iwájú. Ẹ má sì jẹ́ kí àmì àgádágodo tàn yín: ohun tí ó ń sọ ni pé ẹlòmíràn kò lè yọjú sí ọ̀rọ̀ yín lójú ọ̀nà. Kò sọ pé olóòótọ́ ni ẹni tí ń gbà á. Igi gógóró má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Bí líǹkì kan bá wá bá yín nínú àtẹ̀jíṣẹ́ pé èsì WAEC ti jáde, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ àdírẹ́ẹ̀sì àjọ náà.

Àwọn ojú òpó kan wà tí ó jẹ́ pé àyẹ̀wò gan-an ni iṣẹ́ wọn. Ẹni tí ó fẹ́ bá ilé-iṣẹ́ kan dòwò lè wá orúkọ rẹ̀ lórí ojú òpó CAC, àjọ tí ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó mọ̀ bóyá ó wà nínú ìwé. Ẹni tí ó ra oògùn lè yẹ orúkọ rẹ̀ wò nínú Greenbook ti NAFDAC. Ní ti ìròyìn tí ń fò kiri lórí WhatsApp, Africa Check, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní South Africa ní 2012 tí ó sì ní ọ́fíìsì ní Èkó láti 2016, a máa yẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò. BBC Yorùbá, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, ń fi èdè wa ròyìn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: bí ìròyìn kan bá jẹ́ òtítọ́, ẹ ó bá a ní ibi méjì tàbí mẹ́ta.

Níhìn-ín ni a ti padà sí ìrísí mẹ́ta tí orúkọ Ṣómólú ní. Bí ẹ bá ń wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìrísí tí ẹ bá kọ ni ẹ̀rọ yóò máa wá kiri. Ẹ kọ Shomolu, ẹ kọ Somolu, ẹ kọ Ṣómólú. Bẹ́ẹ̀ náà ni “aiye” àti “ayé”, nítorí pé àwọn ìwé tí a tẹ̀ ṣáájú 1974 ṣì wà pẹ̀lú àkọtọ́ àtijọ́. Ẹ fi àmì ọ̀rọ̀ ẹnu sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbólóhùn tí ẹ ń wá, ẹ̀rọ yóò sì wá a bí ó ti rí gan-an. Fún ìtumọ̀ orúkọ wa, ẹ lọ sí YorubaName, tí Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2015. Wikipedia pẹ̀lú ní ẹ̀ka Yorùbá tí ẹnikẹ́ni lè kà, tí ó sì lè fi ìmọ̀ kún.

Iṣẹ́ kejì ni ti ẹni tí ó ni kọ́kọ́rọ́. Bí ògiri kò bá la ẹnu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹ má fi ọjọ́ ìbí tàbí orúkọ ọmọ ṣe páásíwọ́ọ̀dù. Ẹ fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò bá ara wọn tan ṣe é. Kí ti báńkì má jẹ́ ti í-méèlì. Bí ẹ kò bá lè rántí gbogbo wọn, ìwé kékeré tí a tì mọ́ inú àpótí nínú ilé sàn ju páásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo fún ibi gbogbo lọ. Ẹ ṣí ètò ẹlẹ́ẹ̀mejì, èyí tí yóò máa béèrè nọ́ńbà mìíràn lẹ́yìn páásíwọ́ọ̀dù. Nọ́ńbà náà kò yẹ fún ẹnikẹ́ni láti gbọ́, kódà bí ẹni tí ó pè bá ní òṣìṣẹ́ báńkì ni òun. Báńkì kì í béèrè rẹ̀ lórí fóònù. Àwọn tí ó sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Bàrígà láti tẹ ìwé JAMB jáde, kí wọ́n jáde kúrò nínú í-méèlì wọn kí wọ́n tó dìde, kí wọ́n sì pa ìwé tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ náà rẹ́.

Iṣẹ́ kẹta ni ti ẹni tí ń tọ́jú ẹ̀dà. Ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897. A fi ìwé tí ó fi ọwọ́ kọ ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1899, ibẹ̀ ni ó sì sọnù sí. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́kù, tí ó tún odindi ìwé náà kọ. Ní 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n tún fi ránṣẹ́. Ọkọ̀ òkun tí ó gbé e bọ́ sí ọwọ́ àwọn ará Jámánì, ìwé náà sì dé Amẹ́ríkà kí ó tó padà dé ibi tí a rán an sí. Ọdún 1921 ni ó tó jáde, ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn tí ẹni tí ó kọ ọ́ ti gbé kálámù sílẹ̀. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ tí ó kù nílé, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa ìtàn Ọ̀yọ́ ì bá ti bá omi lọ. Lónìí, ẹnikẹ́ni lè ka ìwé náà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Internet Archive, ojú òpó ìkówèésí tí ó ti wà láti 1996.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ hàn gbangba. Àwòrán ìgbéyàwó, ìwé ilé, ìwé ẹ̀rí, iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ ní Akọka, ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta. Kí ọ̀kan wà lórí kọ̀ǹpútà, kí ọ̀kan wà lórí fílááṣì tàbí irú ohun ìpamọ́ mìíràn, kí ọ̀kan wà níta ilé, ìbáà jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan, nítorí okùn lè já bí ó ti já ní 2024. Ẹ má sì kó gbogbo rẹ̀ sí orí ẹ̀rọ kan, nítorí iná mànàmáná tí ń lọ tí ń bọ̀ kò mọ ọjọ́ ìdánwò.

Iṣẹ́ kẹrin ni ti ẹni tí ń tọ́jú ẹ̀rọ. Ètò inú kọ̀ǹpútà máa ń ní ihò, àwọn tí ó ṣe é a sì máa fi àtúnṣe dí i. Ẹni tí ó kọ àtúnṣe nítorí pé ó ń jẹ dátà fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ẹ lè sọ fún Windows pé dátà yín kò pọ̀, kí ó má máa gba nǹkan ńlá láìjẹ́ pé ẹ fún un láyè. Lẹ́yìn náà kí ẹ yan ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ fún àtúnṣe. Microsoft dá ìtọ́jú Windows 10 tí ó ti ń ṣe fún gbogbo ènìyàn dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ ní Ikẹja, kí ó kọ́kọ́ béèrè bóyá ó lè gba Windows 11. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ta ti àtijọ́, kí ó nu inú rẹ̀ mọ́ pátápátá kí ó tó gbé e jáde, nítorí ìwé tí a kàn jù sí inú garawa orí kọ̀ǹpútà kò tíì kúrò nínú ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin òǹwòran wa, àwọn iṣẹ́ mẹ́rin yìí kì í ṣe ohun titun. Àyẹ̀wò, kọ́kọ́rọ́, ẹ̀dà àti ìtọ́jú ẹ̀rọ, kò sí atẹ̀wé gidi kan ní Ṣómólú tí kò mọ̀ wọ́n. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ní ayé àtijọ́, ẹni mẹ́rin ni ó ń pín wọn ṣe, a sì ń sanwó fún wọn. Lónìí, ìyá tí ó jókòó sí pálọ̀ ní Bàrígà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lórí itan ni ó ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí kò bá ṣe wọ́n, kò sí ẹlòmíràn tí yóò bá a ṣe wọ́n.

Kì í ṣe pé kí a bẹ̀rù ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí ó gbé ìwé Johnson dé ọ̀dọ̀ ọmọ mẹ̀kúnnù lọ́fẹ̀ẹ́, tí ó mú ẹnu ọmọ tí ó wà ní òkè òkun sún mọ́ etí ìyá rẹ̀, kì í ṣe ọ̀tá. Ṣùgbọ́n ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Kí bàbá àti ìyá jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ, kí wọ́n jùmọ̀ pín iṣẹ́ ìṣọ́ náà nínú ilé: kí ọmọ tí ó mọ ẹ̀rọ kọ́ àgbà bí a ti ń ka àdírẹ́ẹ̀sì láti ẹ̀yìn, kí àgbà tí ó mọ ènìyàn kọ́ ọmọ bí a ti ń mọ ohùn elétàn. Kí atẹ̀wé Ṣómólú tó gba iṣẹ́ kan láyè kí ó jáde, yóò béèrè pé, “Ẹ ti kà á?” Kí ẹ tó tẹ líǹkì tí ó bá kàn án yín lẹ́yìn ètò yìí, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan náà.